Kọ́kọ́rọ́ Tó Kù sí Ẹ̀yìn Òkè

Gbogbo ẹni tó bá ń tẹ̀ lé Ẹgbẹ́ Agunkè Aṣálẹ̀ jáde ní Sátidé ló mọ Loretta Pruitt, ṣùgbọ́n bisikíìtì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀ jù. Bisikíìtì olóyin ni, ẹ̀pà wà nínú rẹ̀, inú agolo bọ́tà ló sì máa ń kó o sí. Bí wọ́n bá ti dé orí òkè, tí oníkálukú fi ìdí lélẹ̀, òun ni yóò dìde tí yóò máa gbé agolo kiri láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, bí ẹni ń pín oúnjẹ ọ̀sán fún ọmọ ilé ìwé. Iṣẹ́ rẹ̀ náà nìyẹn láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún nídìí ìkòkò ilé ìwé kan ní ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé létí aṣálẹ̀ Mojave. Ọ̀gá tí wọ́n fi lé e lórí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó kéré sí àkọ́bí Loretta. Ọmọ yìí ni yóò dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tí yóò máa sọ pé, "Loretta, iyọ̀ yẹn ti tó. Loretta, fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́." Loretta á ní ó dáa, á fi ìbọ̀wọ́ sọ́wọ́.

Dwight Tolliver, ọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ló sọ ọ́ ní Ìyá Bisikíìtì. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àwọn kan tiẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tí wọn ò mọ̀ pé Loretta ló ń jẹ́. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà ní ikùn rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fẹ́ di aṣáájú.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn, wọn kì í dìbò yan aṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa kó èèyàn gun òkè, tí àgbà aṣáájú kan á máa rìn lẹ́yìn yín pẹ̀lú ìwé pẹlẹbẹ kan lápò. Àgbà yìí kò ní sọ̀rọ̀. Bí o ṣìnà, á máa wò ọ́. Bí o gbàgbé nǹkan, á máa wò ọ́. Àfi bí ẹnì kan bá fẹ́ kú ló tó máa la ẹnu. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fọwọ́ sí ìwé náà, orúkọ rẹ á sì wọ ìwé àwọn aṣáájú. Loretta ti ṣe méjì, méjèèjì lọ geere. Ẹ̀kẹta ni ti Òkè Harrow, ní ìparí oṣù kẹrin ọdún 1996. Constance Ybarra, tí gbogbo wọn ń pè ní Connie, ni ìwé wà lápò rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, kì í yin èèyàn, kì í sì í bú èèyàn. Èyí tí kì í yinni yẹn ló ń da Loretta láàmú.

Ọ̀nà tí Loretta yàn kì í ṣe ọ̀nà ọ̀lẹ. Wọn á gun òkè náà láti ìwọ̀ oòrùn, wọn á sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà oòrùn, láìpadà gba ibi tí wọ́n gbà lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ gbé ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí wọn yóò já sí. Nítorí náà, aago márùn-ún ìdájí ni àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pàdé ní ẹsẹ̀ òkè níhà ìlà oòrùn. Bọ́ọ̀sì kékeré Loretta ni wọ́n fi síbẹ̀. Ó gbé kúlà ńlá méjì sínú rẹ̀, omi tútù, ọsàn, àti bíà Dwight. Ó tì í pa, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì. Òtútù ìdájí yẹn ń gé etí. Ó sọ kọ́kọ́rọ́ sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó nípọn, ó fa sípù rẹ̀ pa, ó sì bá àwọn yòókù fún ara mọ́ra nínú píkọ́ọ̀pù Dwight àti ti Connie. Ọkọ̀ méjèèjì kó wọn yí òkè ká lórí títì eléruku fún wákàtí kan ààbọ̀.

Oòrùn ti yọ kí wọ́n tó dé ìwọ̀ oòrùn, ara sì ti ń gbóná. Oníkálukú ń bọ́ aṣọ òtútù. Loretta bọ́ tirẹ̀, ó ká a, ó jù ú sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù Dwight, ó wá dúró níwájú àwọn èèyàn rẹ̀ bíi tíṣà.

"Omi! Lítà mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ gbé e sókè kí n fojú mi rí i."

Wọ́n gbé ike omi sókè.

"Fìlà? Kóòmù tí a máa fi yọ ẹ̀gún ọrọ́ ńkọ́? Ta ló ní báńdéèjì?"

"Èmi ni," Dwight ní. "Bisikíìtì ńkọ́? Ìyẹn ni èmi fẹ́ fojú mi rí."

"Tó o bá gun òkè débẹ̀ wàá rí i. Tó ò bá dé ọ̀hún, mo ti mọ ẹni tó máa bá ọ jẹ tìẹ."

"Há! Ó ti ń halẹ̀ mọ́ni! Connie, ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀ o!"

Ìwé wà lọ́wọ́ Connie, ó kàn ń wo Loretta. Ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Loretta fi ahọ́n yí eyín rẹ̀ ká, ó rò pé oúnjẹ ló há síbẹ̀.

Nígbà tó bá jẹ́ Connie ló ń darí, ìbéèrè kan wà tí kì í fò. "Kọ́kọ́rọ́ dà?" Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lódìkejì òkè á na kọ́kọ́rọ́ sókè, gbogbo ojú á rí i kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni tó ṣí. Lọ́jọ́ yìí, Loretta ló yẹ kó bèèrè, Loretta kan náà ló sì yẹ kó na kọ́kọ́rọ́ sókè. Kò bi ara rẹ̀. Ó ní, "Ó yá," wọ́n bá mú ọ̀nà pọ̀n.

Ká sọ tòótọ́, ó darí wọn dáadáa. Kò sáré, kò sì fi nǹkan falẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, á ní kí wọ́n jókòó síbi òjìji àpáta kí wọ́n mumi. Ó rántí Orrin Haugen tó wà lẹ́yìn pátápátá, bàbá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, tí orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń ro ó láti ìsàlẹ̀. Ó máa ń dúró dè é láìjẹ́ kó dà bíi pé ó ń dúró dè é. Á ṣe bí ẹni ń wo àwòrán ilẹ̀ títí bàbá á fi dé.

"O ò ní láti máa wo ìwé yẹn fún mi," Orrin ní nígbà kẹta. "Mo mọ̀ pé o mọ ọ̀nà."

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni wọ́n dé orí òkè. Láàárín òkúta tí wọ́n kó jọ síbẹ̀, agolo pupa kan wà, inú agolo náà ni ìwé wà, èyí tí gbogbo ẹni tó bá gun òkè náà ń kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ tó dé ibẹ̀ sí. Àwọn ìwé mìíràn níbẹ̀ ti gbó, wọ́n ti pọ́n bí ewé taba. Orrin jókòó ti agolo náà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Loretta, mo gbàgbé awò ojú mi sínú ọkọ̀. Bá mi wo oṣù kọkànlá ọdún 1971."

Loretta ṣí i títí ó fi rí i. Ó kà á sókè. "Greta Haugen. Atẹ́gùn pọ̀. Orrin ń kùn."

Orrin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Irọ́ ni! Òun ló ń kùn!" Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Loretta, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i kà. Ọdún kẹta tí ìyàwó rẹ̀ ti kú nìyẹn. Nítorí ìlà kan yẹn ló ṣe fi orúnkún tó ń ro ó gun òkè.

Aṣáájú ló ń kọ́kọ́ kọ orúkọ. Loretta ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò ọ̀tún, níbi tí pẹ́ńsù àti kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ jọ máa ń wà ní gbogbo Sátidé. Ọwọ́ rẹ̀ bá pẹ́ńsù. Kò bá kọ́kọ́rọ́.

Ó tún ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó fọwọ́ kan àpò òsì. Nígbà náà ló rí jákẹ́ẹ̀tì náà kedere lójú ara rẹ̀, bó ṣe ká a, bó ṣe jù ú, bí irin sípù àpò náà ṣe kọ mànà nínú oòrùn.

Tó bá jẹ́ pé ó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Dwight ì bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́wàá. Wọn ì bá yí padà, kí wọ́n gba ibi tí wọ́n gbà wá sọ̀ kalẹ̀, wákàtí mẹ́ta péré, kí wọ́n bá ọkọ̀ méjèèjì níbẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tí nǹkan kan ì bá ṣe. Ìwé Connie nìkan ni kò ní gba ọwọ́ lọ́jọ́ yẹn. Loretta mọ gbogbo èyí. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀.

Àsìkò yẹn gan-an ni Connie fi ìjókòó sún mọ́ ọn, tó sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. "O ṣe dáadáa lónìí."

Ọdún mẹ́fà tí Loretta ti wà nínú ẹgbẹ́, kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ẹnu Connie. Dwight ti fò dìde, ó na bisikíìtì sókè bí ẹni na ife ọtí. "Ẹ bá mi kí aṣáájú wa tuntun! Ìyá Bisikíìtì, ó dàbọ̀! Láti òní lọ, Loretta ni!"

Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pàtẹ́wọ́, Loretta alára wà nínú wọn. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ó ní, "Ẹ dìde, ó yá. Ìlà oòrùn là ń lọ." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Títí dòní, tó bá rántí, ibẹ̀ yẹn ló máa ń tì í lójú jù, pé ohùn òun kò tilẹ̀ gbọ̀n.

Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn. Bóyá mo sọ ọ́ sínú báàgì ẹ̀yìn mi. Bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tì dáadáa. Bóyá a máa bá àwọn kan pàdé nísàlẹ̀ tí wọ́n pàgọ́ síbẹ̀. Ó sì ń rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń fa ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì ní ìdájí.

Ibì kan wà ní ìhà yẹn tí àpáta gé sísàlẹ̀ bí ògiri, ó ga tó èèyàn méjì lórí ara wọn. Okùn ni wọ́n fi ń sọ ara wọn kalẹ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti fa okùn náà bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ lé wọn, kò sí pé a ń padà gòkè mọ́. Gbogbo wọn ti sọ̀ kalẹ̀, Orrin wá di okùn mú lọ́wọ́ kan nísàlẹ̀, ó ń wojú Loretta.

"Ó dá ẹ lójú pé a ò gbàgbé nǹkan kan lókè? Kí n fà á?"

Ìbéèrè lásán ni. Gbogbo wọn máa ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Loretta ní, "A ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ fà á."

Okùn já bọ́ sílẹ̀ wìì, ó ká jọ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, oòrùn gba ìjọba. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà, ọrọ́ ẹlẹ́gùn-ún ń fà wọ́n láṣọ, kóòmù ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Orrin ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó bó ní orúnkún. Omi rẹ̀ tán. Loretta da ìyókù omi tirẹ̀ sínú ike bàbá náà.

"Ìwọ ńkọ́?"

"Òùngbẹ ò gbẹ mí. Ẹ mu ún."

"Mo ti sọ ọ́ láàárọ̀. Ọmọ dáadáa ni ẹ́."

Ó dà bíi pé bàbá náà da eérú gbígbóná lé e lórí. Nígbà tí wọ́n dé inú odò gbígbẹ nísàlẹ̀, wọ́n sinmi lábẹ́ igi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó tú báàgì rẹ̀ wò lábẹ́lẹ̀, bí ẹni ń wá ìpara. Kò sí kọ́kọ́rọ́. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù dé ibi ọkọ̀. Ó tún lè sọ ọ́ níbẹ̀. Kò sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n rí bọ́ọ̀sì náà lókèèrè, Dwight bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. "Bíà mi! Bíà mi, ọkọ rẹ ti dé!" Gbogbo wọn rọ́ tẹ̀ lé e, wọ́n to ara wọn sí òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọkọ̀ náà fi sílẹ̀, wọ́n ń gbójú wo inú gíláàsì. Kúlà méjèèjì jókòó síbẹ̀ kalẹ̀. Èèyàn lè rí òógùn omi tútù lára ọ̀kan.

"Ṣí i, Loretta. Ṣí i kí n tó kú."

Loretta gbé báàgì sílẹ̀. Ó ṣí sípù iwájú, ó ṣí ti ẹ̀yìn. Ó kó agolo bọ́tà jáde, ó kó báńdéèjì jáde, ó gbọn fìlà. Ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, ó sì ń wá nǹkan tó mọ ibi tó wà. Èmi ò mọ bí èèyàn ṣe ń ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe é, ó sì ṣe é dáadáa.

"Mi ò rí i," ó ní. "Ó ní láti jẹ́ pé ó jábọ́. Bóyá lábẹ́ igi, níbi tí mo ti tú báàgì."

Dwight ní, "O ń bá mi ṣeré ni." Obìnrin kan nínú wọn jókòó sórí iyanrìn. Connie ń wò ó bó ṣe wò ó láàárọ̀.

Orrin ló kọ́kọ́ dìde. "Lábẹ́ igi. Mo mọ ibi tó jókòó sí gan-an. Ẹ dúró síbí, kò pọn dandan kí gbogbo wa lọ."

"Orrin, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n lọ," Dwight ní.

"Ìwọ tó ò rí bàtà ara rẹ lọ́jọ́ sí? Ogójì ọdún ni mo fi ń wá nǹkan tó jábọ́ sí ojú irin. Jókòó." Ó ti ń lọ, ó ń tiro, akẹtẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

Loretta dúró. Ó rò pé bàbá náà máa lọ, kò ní rí i, á padà, gbogbo wọn á gbà pé kọ́kọ́rọ́ sọnù, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo ayé nìyẹn, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ka ìṣẹ́jú. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Bàbá kò padà. Ara kò gbà á mọ́, ó dìde tẹ̀ lé e.

Láti ibi kọ́nà odò náà ló ti rí i. Orrin wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú oòrùn gangan, kì í ṣe lábẹ́ òjìji igi mọ́, ó ti wá ibẹ̀ tán. Ó ń fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ya iyanrìn bí ẹni ń ya irun ọmọ, lẹ́sẹẹsẹ, ó ti fi òkúta kéékèèké pààlà sí ibi tó ti wò tán kó má baà tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ orúnkún rẹ̀ ti mú iyanrìn. Ó ń rọra kọ orin kan lábẹ́lẹ̀.

"Orrin!" Loretta pè é. "Orrin, ẹ dìde!"

Bàbá gbójú sókè, ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ó na ọwọ́ kan sókè, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Mo ti rí i! Ọmọdébìnrin, mo ti rí i!"

Loretta sáré débẹ̀. Nǹkan tó wà láàárín ìka bàbá náà ń dán. Irin òrùka tí wọ́n ń fà lórí agolo bíà ni, ti àtijọ́. Bàbá kò wọ awò. Kò rí i.

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́ nìyẹn," Loretta ní.

"Kì í ṣe òun? Ó dáa, jẹ́ n tún wò, ó ku apá ibí yìí..."

"Orrin, kò sí níbí. Kò sí níbí rárá. Ó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì mi nínú ọkọ̀ Dwight. Mo ti mọ̀ láti orí òkè."

Bàbá náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó wo irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo àwọn òkúta kéékèèké tó fi pààlà. "O mọ̀ nígbà tí mo fa okùn?"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀ nígbà tí mo ń bọ̀ níbí?"

"Mo mọ̀, sà."

Ó na ọwọ́ sí i kó fa òun dìde. Ìyẹn nìkan ló ṣe. Loretta fà á dìde, wọ́n sì jọ rìn padà. Loretta ń gbàdúrà pé kó bú òun, kò bú u.

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù, Loretta kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè. Ó sọ ọ́ ní ìdúró, gbogbo rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ fún Orrin. Lẹ́yìn náà, ó gbé òkúta kan, ó fi fọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbá a kó tó fọ́. Wọ́n fa kúlà jáde, wọ́n mumi, wọ́n da omi lé orúnkún Orrin. Dwight ṣí bíà rẹ̀, ó la ẹnu láti sọ nǹkan, ó pa á dé. Ìyẹn tún dun Loretta. Ó ti retí yẹ̀yẹ́. Dwight tí kò rí yẹ̀yẹ́ sọ, ọ̀ràn náà kọjá yẹ̀yẹ́ nìyẹn.

"Láàárọ̀, mo rí i pé o ò bèèrè," Connie ní. "Ó wà lẹ́nu mi. Òfin ló ní kí n dákẹ́, mo dákẹ́. Kọ́kọ́rọ́ tó o gbàgbé, èmi náà ní ìpín nínú rẹ̀." Ó dé ọmọrí ike omi rẹ̀. "Àmọ́ ti orí òkè, tìẹ ni."

Wọ́n pinnu pé Connie àti Dwight á fẹsẹ̀ rìn dé ojú títì, bóyá wọ́n á rí ẹni gbé wọn yí òkè ká. Loretta ní òun ló yẹ kó lọ.

"Rárá," Connie ní. "Jókòó ti Orrin."

Ó jókòó tì í. Wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ni. Òjìji ọkọ̀ náà ń gùn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń sún tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù ti sùn pẹ̀lú fìlà lójú. Loretta sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí." Orrin ní, "Mo ti gbọ́." Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ẹni ń bínú.

"Ṣé o mọ̀ pé inú mi ń dùn níbẹ̀ yẹn? Nínú iyanrìn. Láti ìgbà tí Greta ti lọ, kò sẹ́ni tó bá mi wá nǹkan, kò sẹ́ni tó ní kí n bá òun wá nǹkan. Ilé mi, mo mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Mo ń ronú pé, ó dáa, mo ṣì wúlò. Ọmọ yìí fún mi ní omi rẹ̀, èmi náà á bá a rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀."

Loretta bo ojú. Ó ní ká ní bàbá náà gbá òun létí, ì bá sàn.

Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí píkọ́ọ̀pù Dwight yọ nínú eruku, ti Connie tẹ̀ lé e. Dwight bọ́ sílẹ̀, ó fi ìka méjì gbé jákẹ́ẹ̀tì náà jìnnà sí ara, bí ẹni gbé òkú eku. "Ẹ̀rí rèé," ó ní, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Connie yọ ìwé pẹlẹbẹ náà lápò. Kò fọwọ́ sí i, kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ká a sí méjì, ó fi lé Loretta lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ẹni tó bá darí ló ń kọ ìròyìn ìrìn àjò náà fún ìwé tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀ ní oṣooṣù. Alẹ́ mẹ́rin ni Loretta fi kọ ọ́ lórí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀. Ó kọ ti jákẹ́ẹ̀tì, ó kọ ti gíláàsì. Ó sì kọ ọ́ gbangba ní ìparí pé: "Ẹni tó darí mọ̀ láti orí òkè, kò sọ, ó sì jẹ́ kí Orrin Haugen lọ wá ohun tí kò sí níbẹ̀." Ó fi ránṣẹ́. Nígbà tí ìwé jáde, ó ṣí i. Ti jákẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀, ti gíláàsì wà níbẹ̀. Ìlà ìparí kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń tẹ ìwé náà ti ṣàánú rẹ̀, ó ti yọ ọ́ kúrò. Ó wá di ìtàn ẹ̀rín. Àwọn tí kò bá wọn lọ ń pè é lórí fóònù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, "Loretta, irú èyí náà ti ṣe mí rí!" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, kò mọ ohun tó tún lè ṣe.

Kò béèrè fún ìrìn àjò mìíràn láti darí. Ìwé Connie ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ká-méjì, láìkọ nǹkan kan sí i. Ó ṣì ń bá wọn jáde, ó ṣì ń gbé agolo bọ́tà. Wọ́n ti padà sí pípè é ní Ìyá Bisikíìtì. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí wọ́n bá fẹ́ gun òkè kọjá sódìkejì, kí ẹsẹ̀ tó ṣí, ẹnì kan á kígbe, ọ̀pọ̀ ìgbà Dwight ni, "Loretta, kọ́kọ́rọ́ dà?" bí kò tiẹ̀ jẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Á ti ọwọ́ bọ àpò, á na kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sókè, gbogbo wọn á pariwo, wọ́n á pàtẹ́wọ́.

Orrin náà máa ń wà níbẹ̀. Á kí i dáadáa, á gba bisikíìtì lọ́wọ́ rẹ̀, á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti ń kígbe kọ́kọ́rọ́ yẹn, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà rẹ̀. Okùn náà ti so tẹ́lẹ̀. Loretta á na kọ́kọ́rọ́ sókè, ojú rẹ̀ á wà lára akẹtẹ̀ bàbá náà, kò sì ní sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí Orrin á fi dìde.